Ọjọ́ Tí Orí Kan Lé Nínú Bọ́ọ̀sì Wa

Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́, ohun tí mo bẹ̀rù jù ni kí n kó ọmọ ọlọ́mọ rìnrìn àjò, kí n kà wọ́n nígbà tí a bá ń bọ̀, kí ọ̀kan dín. Olùkọ́ tó bá ti kó ọmọ jáde rí mọ ẹ̀rù yìí. Abẹ́ àyà ló ń gbé títí ọmọ tó kẹ́yìn yóò fi dé ọwọ́ òbí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún mi rí pé ó ṣeé ṣe kí èèyàn kà wọ́n kí ọ̀kan lé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyẹn lábẹ́ igi ẹmi kan, igi tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, lójú ọ̀nà tó ti ibodè wá sí Ṣakí. A ti kúrò ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, a ti wọ Nàìjíríà, dírẹ́bà sì dúró kí àwọn ọmọ lè sọ̀ kalẹ̀ lọ tọ̀. Nígbà tí wọ́n padà jókòó, mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì, mo ń na ìka sí orí kọ̀ọ̀kan. Mo kà á tán, ó lé ọ̀kan. Mo rò pé oòrùn ló ń ṣe mí. Mo tún un kà, díẹ̀díẹ̀. Ó ṣì lé ọ̀kan.

Mo pe olùkọ́ ọ̀dọ́ tó tẹ̀ lé mi. "Kúdí, ṣé kò sí ọmọ Faransé kan tó bá wa bọ̀ báyìí?"

"Há, Mà, ẹ má bi mí o. Iwájú lèmi náà jókòó sí."

Ìgbà náà ni ẹnì kan wúkọ́ ní kọ̀rọ̀ ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, láàárín àwọn àpò. Ikọ́ náà kì í ṣe ikọ́ ọmọdé.

Kí n tó sọ ẹni tó wúkọ́, ẹ jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ kó tò, nítorí ìtàn tí a bá ti àárín bẹ̀rẹ̀, àárín náà la máa ń sọnù sí.

Èdè Yorùbá ni mo kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ṣakí. Ọ̀gá mi àkọ́kọ́, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ, ló kọ́ mi pé bí a bá kó ọmọ jáde, orí là ń kà, a kì í ka àga. "Ìyá Sikírù," ni yóò wí fún mi, "àga lè kún fún àpò. Orí ni kì í tanni jẹ." Ó ní ìdí tó fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ kan ti kó àwọn ọmọ lọ wo àwọn tó ń hun aṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn rí. Gbogbo àga ló kún nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Wọ́n ti rìn jìnnà kí wọ́n tó mọ̀ pé ìdì òwú ńlá kan ló jókòó sórí àga kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ni àga náà ṣì wà ní Ìsẹ́yìn lórí òfì, ó ń ju ọ̀kọ̀ òwú síhìn-ín sọ́hùn-ún, àwọn ahunṣọ sì ń yìn ín. Nígbà tí wọ́n sáré padà lọ mú un, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun parí ibi tí òun bá a dé. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ìtàn yẹn ni mo ti ń ka orí.

Báwo la ṣe dé ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀? Ìlú kékeré kan wà ní òdìkejì ibodè, ní apá Ṣábẹ̀ẹ́, tí Yorùbá jẹ́ èdè ilé wọn, tí Faransé sì jẹ́ èdè ilé ìwé wọn. Àwọn ará wa máa ń pe gbogbo ọ̀hún ní Kútọnu, àfi bí ẹni pé ìlú kan ṣoṣo ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kútọnu jìnnà sí wọn gan-an. Àwa ará Ṣakí la sún mọ́ wọn jù.

Ọkùnrin kan wà ní ìlú náà tó ṣe ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bàbá Dírẹ́tọ̀ ni tọmọdé tàgbà ń pè é, nítorí bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá ilé ìwé lọ́hùn-ún nìyẹn. Ó wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ṣakí lọ́jọ́ kan, ó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́ wa, ó gbọ́ ohùn kíláàsì mi lójú fèrèsé. Ó tọrọ àyè, ó wọlé, ó jókòó sẹ́yìn títí mo fi parí ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn náà ló wí fún mi pé, "Tísà, ẹ kó àwọn ọmọ yìí wá bá mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i pé Yorùbá ò parí síbi tí wọ́n ta okùn ibodè sí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo bá Ọ̀gá Àgbà ilé ẹ̀kọ́ wa sọ ọ́, a gba ìwé àṣẹ tó yẹ ká gbà, a gba ìyọ̀ǹda àwọn òbí, a sì gbéra ní ọjọ́ Jímọ̀ kan lásìkò tí kajú ń pọ́n, tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo ojú ọ̀nà. Ọ̀la ni a ó padà.

Ìgbà tí a débẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé ọ̀la náà gan-an ni wọ́n fẹ́ so yìgì ọmọbìnrin Bàbá Dírẹ́tọ̀, lẹ́yìn ìrun Àláásárì. Ìkòkò ti kún àgbàlá. Ojú tì mí.

"Bàbá, ẹ ò bá ti sọ fún wa kí a yí ọjọ́ padà."

"Kí n yí àlejò padà nítorí inú mi ń dùn?" ni ó wí. "Tísà, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó ń kọ́ni ní Yorùbá."

Mo gba ìbáwí mi.

Òun fúnra rẹ̀ ló mú àwọn ọmọ kiri. Ó mú wọn gun àpáta, ó mú wọn dé ilé ìwé tó ti ṣe ọ̀gá rí, ó jẹ́ kí àwọn ọmọ ibẹ̀ kọrin fún wọn, kí àwọn tiwa náà kọrin padà. Mo rí i pé inú rẹ̀ ń dùn ju ti àwọn ọmọ lọ. Ẹni tó bá ti kọ́ni rí, tí kò sì ní kíláàsì mọ́, ebi kan máa ń pa á tí oúnjẹ kò lè wò. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Àmínátù, sọ fún mi pé láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn adìẹ àgbàlá ló ń kọ́.

Nígbà tí a jókòó jẹun nírọ̀lẹ́, ó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún mi. Ọmọ Òfíkì ni ọkọ ìyàwó, Tàjù lorúkọ rẹ̀. Kajú ló ń rà kiri oko títí wọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ibẹ̀ lòun àti Àmínátù ti pàdé. Ọmọ náà tẹ́ wọn lọ́rùn. Ẹni tí kò jẹ́ kí Bàbá sùn ni ẹ̀gbọ́n bàbá Tàjù, tí wọ́n ń pè ní Alàájì Oníkajú, òun ló tọ́ Tàjù dàgbà lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú. Nígbà tí àwọn ará Òfíkì wá tọrọ ìyàwó, kò sẹ́ni tó jáde lọ pàdé wọn. Ẹni tí Bàbá rán, taya alùpùpù rẹ̀ jò lójú ọ̀nà. Àwọn àgbààgbà jókòó sínú oòrùn ní gáréèjì bí ẹni tí kò mọ ilé kankan nílùú, títí alákàrà kan fi ṣàánú wọn tó mú wọn wálé. Alàájì kò tíì gbàgbé. Ó ní òun yóò wá síbi yìgì nítorí Tàjù, ṣùgbọ́n òun kò ní la ẹnu òun. Bí nǹkan kékeré bá tún fi lè ṣẹlẹ̀ báyìí, òun yóò kó àwọn èèyàn òun padà sílé.

"Àmínátù làbíkẹ́yìn mi," ni Bàbá wí. "Mi ò fẹ́ kó bá ìbínú wọlé ọkọ. Ẹ bá wa fàdúà sí i."

Mo ṣe àmín.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí a jẹun àárọ̀ tán, a múra. Bàbá fẹ́ kí a dúró de yìgì, ṣùgbọ́n Ọ̀gá Àgbà wa ti pàṣẹ pé kí a dé Ṣakí lọ́sàn-án, àwọn òbí yóò sì ti máa dúró lẹ́nu géètì. A dìde, Bàbá náà dìde láti sìn wá.

Ibí yìí ni mo gbọ́dọ̀ ti ṣàlàyé díẹ̀, nítorí àwọn ọ̀dọ́ òde òní rò pé kí èèyàn dìde dé ẹnu ilẹ̀kùn ni wọ́n ń pè ní ìsìnni. Rárá o. Bí àlejò bá ń lọ, onílé á bá a rìn. Ibi tí onílé bá bá a dé ni yóò fi hàn bó ṣe ka àlejò náà sí tó. Onílé kì í sọ pé ó tó. Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, ó dà bí ẹni pé àlejò ti sú u. Àlejò ni yóò dúró, tí yóò wí pé, "Ẹ ṣeun, ẹ padà." Onílé á kọ̀ díẹ̀, àlejò á tún un wí, ìgbà náà ni onílé yóò tó padà. Bí àlejò kò bá sọ ọ́, ẹsẹ̀ onílé ṣì wà lójú ọ̀nà.

Èmi sọ ọ́. Mo sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá, mo tún un sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ó dáa, ẹ wọ ọkọ̀." Mo ka orí, ó pé, mo sì wọ iwájú ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wàhábì dírẹ́bà, Kúdí jókòó tẹ̀ lé mi, a ṣí. Ohun tí mi ò rí ni pé Bàbá ti gba ẹ̀yìn yí bọ́ọ̀sì po, ó ti gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé, àwọn ọmọ sì ti sún fún un. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé àlejò tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá, tí kò sì ní lè dúró jẹ nínú ayọ̀ òun, ó kéré tán, òun yóò sìn ín kọjá ìlú.

Òun ló wúkọ́ lábẹ́ igi ẹmi.

Nígbà tí mo rìn dé ẹ̀yìn, mo bá a níbẹ̀ pẹ̀lú dàńṣíkí àti sálúbàtà, orín lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọmọ yí i ká. Mo kúnlẹ̀ sáàárín àwọn àpò.

"Bàbá! Kí lẹ ń ṣe níbí?"

"Mò ń sìn yín ni," ó wí, jẹ́ẹ́.

"Títí dé Nàìjíríà?"

"Mo rò pé ẹ ó dúró níbi igi ìgbá etí ìlú. Ẹ kọjá. Mo ní bóyá létí odò. Ẹ kọjá. Mo ní, há, àwọn ará Ṣakí yìí mà fẹ́ràn kí èèyàn sìn wọ́n o! Ni mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ònkà Faransé kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí ọ̀nà lè yá. Wọ́n gbọ́n. Ọkàn mi bá lọ síbẹ̀."

Mo yíjú sí Sáfù, ọmọbìnrin tó jẹ́ olórí kíláàsì. "Sáfù, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún Bàbá pé kí wọ́n padà?"

"Mà, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ọmọdé kì í dá àgbà padà lọ́nà."

Òótọ́ ló sọ. Mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Mo kọjú sí Wàhábì.

"Mo rí wọn nínú dígí," Wàhábì wí. "Mo rò pé wọ́n ń bá wa lọ kí ẹ̀gbọ́n wọn ní Ṣakí ni. Ta ni mí tí màá fi máa bi bàbá àgbà pé níbo lẹ ń rè?"

"Àwọn aṣọ́bodè ńkọ́?" Mo bi Bàbá. "Wọn ò bi yín léèrè?"

"Ọ̀kan yọjú. Ó kí mi pé, 'Ọ̀gá Tísà, ẹ kú iṣẹ́.' Mo ní a dúpẹ́. Irọ́ ha ni?"

Kúdí ti ń fi ìborùn bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rántí yìgì. Mo rí i lójú Bàbá pé òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ni. Ó tọwọ́ bọ àpò, kò bá fóònù. Ó ti fi í sílẹ̀ nílé níbi tí wọ́n ti ń ṣáájì rẹ̀. Tiwa kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan nínú ẹgàn yẹn. Àwọn ará Òfíkì yóò dé, wọn yóò bèèrè bàbá ìyàwó, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ ibi tó wà. Alàájì Oníkajú kò tún ní nílò ẹ̀sùn mìíràn.

"Wọ́n á ní mo sá ni," Bàbá wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

Epo tó wà nínú bọ́ọ̀sì kò lè gbé wa dé ọ̀hún kó tún gbé wa bọ̀. Ìwé àṣẹ tí a gbà ti tán bí a ti wọ Nàìjíríà, n kò sì lè kó ọmọ ọlọ́mọ kọjá ibodè lẹ́ẹ̀kejì. Mo rò ó wò. Àwọn ọmọ ní Kúdí, wọ́n ní Wàhábì, ojú ọ̀nà sì mọ́ kedere títí dé Ṣakí. Bàbá kò ní ẹnì kankan níbi tó wà yìí. Mo ní kí Kúdí máa kó wọn lọ, mo sì kìlọ̀ fún un pé kó ka orí.

"Mà, iye tó yẹ kó jẹ́ ni àbí iye tó jẹ́?" Kúdí bèèrè.

"Máa lọ jàre."

Ọ̀kadà kan ṣoṣo ló wà ní abúlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ẹni tó ni ín sì ti gbé e lọ sóko. Obìnrin kan tó ń sá gbágùúdá sórí àpáta ní kí a ṣe sùúrù, kò ní pẹ́ dé. A jókòó lórí gbòǹgbò igi ẹmi. Oòrùn ń gòkè. Bàbá ń yí tẹ̀súbáà rẹ̀. Èmi ń wo ojú ọ̀nà apá ibodè, mò ń ro ohun tí n ó sọ fún Ìyá Àmínátù.

Láti apá Ṣakí ni ohun tó gbà wá ti wá. Bọ́ọ̀sì méjì ń bọ̀, èrò kún inú wọn, àwọn obìnrin ń kọrin. Èkíní kọjá wa, ó fò fẹ̀rẹ̀ lọ síwájú, ó dúró lójijì, ó ń rìn padà sẹ́yìn. Ọkùnrin gíga kan nínú jàlábíà funfun sọ̀ kalẹ̀, ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Ẹ bá mi wò ó dáadáa," ó wí fún àwọn tó wà nínú ọkọ̀. "Àna wa kọ́ nìyí?"

Alàájì Oníkajú ni. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló ti Ṣakí lọ sọ́hùn-ún, kò yẹ kó yà mí lẹ́nu, àmọ́ ó yà mí lẹ́nu.

"Bàbá Àmínátù!" ó ké. "Lórí ilẹ̀ Nàìjíríà! Ẹ wá pàdé wa títí dé ibí?"

Ẹ rántí pé bí a ti ń sin àlejò tó ń lọ, bẹ́ẹ̀ la ń pàdé àlejò tó ń bọ̀. Kí bàbá ìyàwó rán ọmọ lọ pàdé àna, ó tó. Kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé etí ìlú, ọlá ńlá ni. Kó wá ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn, kó jókòó lórí gbòǹgbò igi nínú oòrùn pẹ̀lú sálúbàtà, n kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí, Alàájì náà kò sì gbọ́ ọ rí. Ó ti ṣí fìlà. Bàbá la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Alàájì ti gbá a mọ́ra, fìlà Bàbá náà sì ti jábọ́.

"Ẹ ẹ̀ ní sọ nǹkan kan! Iwájú lẹ ó jókòó. Tàjù, sọ̀ kalẹ̀ níwájú, kí àna wa jókòó! Ìyáàfin yìí ńkọ́?"

"Olùkọ́ ni," Bàbá wí. "Wọ́n dúró tì mí ni."

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Wọ́n fún mi láyè láàárín àwọn obìnrin.

Alàájì kò dákẹ́ mọ́ láti ibẹ̀ lọ. Ó sọ fún Bàbá nípa oko kajú, nípa hájì rẹ̀, nípa eyín rẹ̀ tó ń dùn ún. Tàjù, tó ti wá jókòó sẹ́yìn mi, tẹ̀ síwájú, ó ní, "Mà, láti Òfíkì ni wọn ò ti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ o. A rò pé wọ́n ó padà ní Ṣakí ni. Ọlọ́run ló rán Bàbá." Mo ní àmín, ṣùgbọ́n ara mi kò balẹ̀. Mo ń wo ẹ̀yìn ọrùn Bàbá. Gbogbo ìgbà tó bá gbọ́ "ẹ wá pàdé wa," ọrùn náà á tẹ̀ díẹ̀ sí i.

Ní ibodè, aṣọ́bodè àárọ̀ náà ló tún yọjú. Ó wo Bàbá, ó tún un wò.

"Ọ̀gá Tísà, ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé ìwé?"

"Àwa ni wọ́n wá pàdé!" Alàájì dáhùn kí Bàbá tó mí. "Àna wa ni. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n!"

Aṣọ́bodè ṣí ọ̀nà, ó ní Ọlọ́run á jẹ́ kí ìgbéyàwó náà tọ́jọ́ kó kalẹ́.

Ariwo la bá nílé. Wọ́n ti ń wá Bàbá láti àárọ̀. Àwọn kan ti gun alùpùpù dé oko rẹ̀, àwọn kan ti wo etí kànga. Wọ́n ti ń pe fóònù rẹ̀, ó sì ń dún lórí tábìlì nínú yàrá. Àmínátù ti sunkún débi pé tìróò ojú rẹ̀ ti ṣàn. Lẹ́mọ́ọ̀mù ti jókòó lórí ẹní pẹ̀lú àwọn àlùfáà, wọ́n ń wo ara wọn. Bí a ti sọ̀ kalẹ̀ báyìí, Ìyá Àmínátù yọ, gèlè lọ́wọ́.

"Bàbá Àmínátù! Ibo lẹ wọlẹ̀ sí?"

"Ẹ má bá wọn wí, Ìyá," Alàájì ń rẹ́rìn-ín. "Àwa ni wọ́n lọ pàdé lọ́nà."

"Pàdé kẹ̀? Àwọn ọmọ ilé ìwé ni wọ́n ní àwọn ń sìn dé ìsàlẹ̀ ibí, a ò rí wọn mọ́!"

Alàájì wo Ìyá Àmínátù, ó wo Bàbá, ó wo èmi. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. Tàjù sún mọ́ ọn, ó fà á lápá, Alàájì já apá rẹ̀ gbà.

Bàbá Dírẹ́tọ̀ ṣí fìlà. Mo ti rí àwọn ọ̀gá ilé ìwé púpọ̀ tí wọ́n ń bá èrò sọ̀rọ̀, n kò rí èyí tó dúró ṣinṣin bẹ́ẹ̀ rí.

"Alàájì," ó wí, "mo fẹ́ sọ ọ́ fún yín lójú ọ̀nà, ayọ̀ yín ò jẹ́ kí n ríbi sọ ọ́. Mi ò lọ pàdé yín. Àwọn ọmọ Tísà yìí ni mò ń sìn. Mo wọ bọ́ọ̀sì wọn kí n lè sìn wọ́n kọjá ìlú, wọn ò ní kí n padà, èmi náà ò ní kí wọ́n dúró, bẹ́ẹ̀ la ṣe dé Nàìjíríà. Ẹ bá mi níbẹ̀ bí ẹni tó sọnù ni. Ẹ ti yìn mí púpọ̀, mi ò sì lè jókòó síwájú Lẹ́mọ́ọ̀mù kí n fi ọmọ mi fúnni lórí ìyìn tí kì í ṣe tèmi. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ bínú, inú mi ni kẹ́ ẹ bí sí, ẹ má fi ti ọmọ ṣe."

Alàájì bi í léèrè bí adájọ́ pé, "Nígbà tẹ́ ẹ rí i pé bọ́ọ̀sì ti kọjá ibi tó yẹ, kí ló dé tẹ́ ò sọ pé kí wọ́n sọ̀ yín kalẹ̀?"

"Àlejò ni wọ́n. Báwo ni n ó ṣe wí pé ó tó?"

"Lọ́jọ́ yìgì ọmọ yín?"

"Àlejò kọ́ ló mú yìgì bọ́ sọ́jọ́ náà."

Ikùn Alàájì ló kọ́kọ́ mì. Lẹ́yìn náà ni èjìká. Nígbà tí ẹ̀rín náà jáde, ó di òpó ìloro mú kó má baà ṣubú. Àwọn ará Òfíkì wò ó tìyanu-tìyanu, kí àwọn náà tó bú sẹ́rìn-ín, kí gbogbo àgbàlá tó tẹ̀ lé wọn. Ó nu ojú pẹ̀lú etí jàlábíà rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará Òfíkì," ó wí. "Mo ti ń bínú pé àwọn èèyàn yìí ò mọ àlejò í ṣe. Bí bàbá yìí bá lọ pàdé wa, a ó ní nítorí pé a fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ níyàwó ló ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kéékèèké tí kò ní nǹkan kan tí wọ́n fẹ́ fún un ló sìn kúrò ní orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ilé tí wọ́n ti kọ́ ọmọ báyẹn ni mo fẹ́ kí Tàjù ti mú ìyàwó. Lẹ́mọ́ọ̀mù, ẹ so yìgì kí bàbá yìí má tún lọ sin ẹlòmíràn!"

Wọ́n so ó lẹ́yìn ìrun Àláásárì gẹ́gẹ́ bí ètò. Nígbà tí Lẹ́mọ́ọ̀mù bi Bàbá bóyá ó fi Àmínátù fún Tàjù, ohùn tó fi dáhùn là gan-an bí ohùn tí wọ́n fi ń pe ọmọ lóròówúrọ̀ nílé ìwé. Láti inú yàrá tí àwọn obìnrin wà, mo gbọ́ tí Àmínátù bú sẹ́kún lẹ́ẹ̀kejì, irú èyí tí kò sẹ́ni tó ń ṣìpẹ̀ fún.

Ọkọ̀ àwọn ará Òfíkì ni mo bá padà lọ́jọ́ kejì, èmi àti ìyàwó tuntun. Kúdí ti kó gbogbo ọmọ dé ọwọ́ òbí wọn; Ọ̀gá Àgbà wa bá mi wí díẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín púpọ̀. N kò tún kọ́ni ní ọ̀rọ̀ ìsìnni ní kíláàsì láìsọ ìtàn náà, àwọn ọmọ kì í sì í gbà pé ó ṣẹlẹ̀ títí Kúdí yóò fi wá jẹ́rìí.

Èmi náà fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ìgbà náà. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, wọ́n bá mi ṣàdúà ní gbọ̀ngàn, wọ́n fún mi lẹ́bùn, ni mo bá gbé báàgì mi. Kúdí dìde, àwọn ọmọ dìde tẹ̀ lé e. Wọ́n sìn mí dé géètì. Wọ́n sìn mí kọjá ṣọ́ọ̀bù alábúrẹ́dì, wọ́n sìn mí kọjá ibi tí àwọn ọlọ́kadà máa ń dúró sí, àwọn ọlọ́kadà sì pa ẹ́ńjìnnì wọn. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú àwọn ọmọ náà, nítorí wọ́n mọ òfin náà. Èmi ni mo kọ́ wọn. Èmi ni mò ń lọ, èmi ló sì yẹ kí n sọ ọ́. Mo yíjú padà lẹ́ẹ̀kan láti sọ ọ́, kò jáde. Mo tún ń rìn. A dé oríta kí n tó lè wí pé, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ padà."